Kì í Ṣe Ilé Ló Ń Fa Akẹ́kọ̀ọ́ Sàmóà Sẹ́yìn

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di àdúrà àárọ̀ lẹ́nu àwọn kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ Sàmóà ní yunifásítì. Wọ́n á ní ọmọ dáadáa ni wọ́n, wọ́n mọ ọ̀wọ̀, wọ́n mọ orin kọ, wọ́n mọ rugby gbá, àmọ́ ilé wọn ló ń fà wọ́n sẹ́yìn. Ẹbí ti pọ̀ jù. Ṣọ́ọ̀ṣì ti pọ̀ jù. Ìnáwó ti pọ̀ jù. Wọn kì í la ẹnu ní kíláàsì. Bí wọ́n bá lè gbàgbé ilé fún ọdún mẹ́ta péré, kí wọ́n dojú kọ ìwé wọn, wọn ì bá máa yege bíi ti àwọn ẹgbẹ́ wọn.

A ò gbà. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kò lọ́jú pọ̀: ilé tí wọ́n ń bú yẹn gan-an ni ọmọ Sàmóà ti kọ́ bí a ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́. Yunifásítì tó bá ní kó fi ilé sílẹ̀ lẹ́nu géètì kó tó wọlé ti gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tún wá ń bi í pé kí ló dé tí iṣẹ́ kò yá.

Ẹnìkan lè ní, "Kí ló kan ẹ̀yin ọmọ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ Sàmóà?" Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ka Yorùbá ní yunifásítì mọ bó ṣe máa ń rí kí wọ́n wo ohun tí èèyàn mú ti ilé wá bí ẹrù tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ wọn fi ká wa lára. Tiwọn la fẹ́ sọ, a ó kàn fọwọ́ ba tiwa níbi tó bá ti jọ ọ́.

Àwọn wo là ń sọ?

Sàmóà jẹ́ orílẹ̀-èdè erékùṣù ní gúúsù òkun Pàsífíìkì, Apia sì ni olú-ìlú rẹ̀. Jámánì gbà á ní 1900, New Zealand gbà á lọ́wọ́ Jámánì ní 1914, ó sì di òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1962. Àwọn erékùṣù tó wà níhà ìlà-oòrùn, tí à ń pè ní American Samoa, ṣì wà lábẹ́ Amẹ́ríkà títí di òní. Ètò ìkànìyàn ọdún 2021 ní Sàmóà ka èèyàn tó lé ní 205,000. Àwọn ọmọ Sàmóà tó wà ní New Zealand nìkan náà ti lé ní 200,000. Nítorí náà, bí a bá pe akẹ́kọ̀ọ́ Sàmóà, ó lè jẹ́ ẹni tó wà ní National University of Samoa ní Apia, ó lè jẹ́ ẹni tí wọ́n bí sí gúúsù Auckland, ó sì lè jẹ́ ẹni tó kúrò ní Pago Pago lọ sí Hawaii tàbí California. Ọ̀nà wọn yàtọ̀, ilé tí wọ́n ti wá jọra.

Báwo ni wọ́n ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní New Zealand? Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ibẹ̀ ń wá òṣìṣẹ́, wọ́n sì rí wọn ní erékùṣù. Nígbà tí ọrọ̀ ajé wá dẹnu kọlẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1970, àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ ilé àwọn ará Pàsífíìkì ní ìdájí, wọ́n ń wá ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ ti parí. Ó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2021 kí Jacinda Ardern, olórí ìjọba nígbà náà, tó tọrọ àforíjì ní gbangba. Wọ́n fi ẹní àtàtà bò ó mọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà ìtọrọ àforíjì Sàmóà tí wọ́n ń pè ní ifoga. Ara ohun tí ìjọba ṣèlérí lọ́jọ́ náà ni owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ Pàsífíìkì.

A mẹ́nu ba ìtàn yìí nítorí pé àwọn tó ń dá ilé lẹ́bi kì í sọ ọ́. Ẹ pe bàbá wá síṣẹ́ ẹ̀rọ, ẹ lé e jáde lórí ibùsùn ní ìdájí, ẹ wá yà sí ọmọ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́, ẹ ní àṣà ilé wọn ni kò jẹ́ kó ṣe dáadáa. Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá nìyẹn.

Ilé-ẹ̀kọ́ tó ṣáájú ilé-ẹ̀kọ́

Àwọn Sàmóà ní òwe kan tó sọ pé òdòdó igi ni ẹyẹ fi ń bọ́ ọmọ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ni èèyàn fi ń bọ́ ọmọ èèyàn. Wọn kò fi òwe náà ṣeré. Kí ọmọ tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba rárá, ó ti ń lọ sí ilé pásítọ̀ abúlé, níbi tí wọ́n ń pè ní a'oga faifeau. Ibẹ̀ ló ti ń kọ́ lẹ́tà ní èdè Sàmóà lára pátákó alàwòrán, ibẹ̀ ló ti ń ka Bíbélì sókè, tó ń kọ orin, tó sì ń há ẹsẹ sórí. Ọdún 1844 ni àwọn ajíhìnrere London Missionary Society dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà sílẹ̀ ní Malua. Ẹ ṣírò rẹ̀: àádọ́rin ọdún ni àwọn ọmọ Sàmóà ti ń kàwé ní Malua kí New Zealand tó wá sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá wọn.

Ní ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù kẹwàá, wọ́n máa ń ṣe Lotu Tamaiti, ìsìn àwọn ọmọdé. Aṣọ funfun ni tọmọdé tàgbà ń wọ̀. Àwọn ọmọ ló ń darí ìsìn lọ́jọ́ náà: wọn a ka ẹsẹ Bíbélì lórí, wọn a kọrin, wọn a ṣe eré Bíbélì níwájú gbogbo ìjọ. Ọmọ tí kò tíì ju ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ a dìde dúró, a sọ ẹsẹ tirẹ̀ jáde láìwo ìwé. Ọmọ yìí kan náà ni wọ́n á sọ fún wa lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pé kò lè sọ̀rọ̀ láwùjọ.

Ilé-ẹ̀kọ́ kejì ni iṣẹ́ sísìn, tí wọ́n ń pè ní tautua. Ọmọ a gbé oúnjẹ fún àgbà, a bu omi ìfọwọ́, a jókòó sẹ́yìn, a fetí sílẹ̀ nígbà tí àwọn matai, àwọn olóyè ìdílé, bá ń ṣe ìpàdé. Ilé ìpàdé náà kò ní ògiri, òpó ló yí i ká, olúkúlùkù sì mọ òpó tó yẹ kó jókòó tì. Agbẹnusọ a dìde pẹ̀lú ọ̀pá ọlá rẹ̀ lọ́wọ́, a sì so ohun kan tí wọ́n fi òwú àgbọn ṣe rọ̀ sórí èjìká, èyí tí ọmọ Yorùbá bá rí tí yóò pè ní ìrùkẹ̀rẹ̀. Òwe wọn ní iṣẹ́ sísìn ni ọ̀nà tó lọ sí ipò àṣẹ. Àwa náà ní bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun.

Lẹ́yìn èyí, èdè wọn fúnra rẹ̀ jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún olóyè yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń lò fún ọ̀rẹ́. Ohùn tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní ilé-ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí ti ìdí ààrò: níbi tí ohùn ṣọ́ọ̀ṣì bá ti pe t, ti ilé a pe k. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ti mọ ìgbà tó yẹ kó yí ohùn padà.

Ẹ wá kó gbogbo rẹ̀ jọ. Ọmọ tó pé ọdún méjìdínlógún ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń há nǹkan sórí, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fetí sílẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, ó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró níwájú èrò, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pọ̀ ọwọ́ ṣe iṣẹ́ kan, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ọ̀rọ̀ fún ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Kí ni yunifásítì tún ń wá?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ẹ̀kọ́

Ohun tí yunifásítì ń wá ni ẹni tí yóò na ọwọ́ sókè nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn, tí yóò sọ pé òun kò gba ohun tí olùkọ́ sọ. Bí olùkọ́ bá bèèrè pé ṣé ìbéèrè wà, tí ọmọ Sàmóà dákẹ́, olùkọ́ a rò pé kò yé e, tàbí pé kò bìkítà. Bẹ́ẹ̀, nílé tó ti wá, bíbi àgbà ní ìbéèrè níwájú èrò fẹ́ jọ títẹ́ àgbà. Ọmọ tó bá sì ń sọ̀rọ̀ jù láàárín ẹgbẹ́, orúkọ kan ń dúró dè é: fiapoto, ọlọ́gbọ́n àgbọ́njù.

Ẹ mú akẹ́kọ̀ọ́ yìí kan náà, ẹ fi í jókòó pẹ̀lú àwọn mẹ́rin tàbí márùn-ún yòókù yí tábìlì ká, kí ẹnìkan tó ti ṣe kọ́ọ̀sì náà lọ́dún tó kọjá wà láàárín wọn, kí oúnjẹ díẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹ óò gbọ́ ọ̀rọ̀. Wọn a ṣàlàyé fún ara wọn, wọn a fi ọ̀rọ̀ ṣàwàdà, ẹni tó yé a fa ẹni tí kò yé lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ nǹkan nílé nìyẹn.

Àwọn kan á ní híhá sórí kì í ṣe ìrònú. Ọ̀rọ̀ tí kò tíì pọ́n ni wọ́n ń já jẹ. Ní Sàmóà, abúlé kọ̀ọ̀kan ló ní oríkì ìkíni tirẹ̀ tó sọ ipò àwọn olóyè ibẹ̀, fa'alupega ni wọ́n ń pè é. Agbẹnusọ gbọ́dọ̀ mọ ti tirẹ̀, kó sì mọ ti àlejò. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá dìde, òun ló máa yan èyí tó bá ọjọ́ mu, èyí tó máa pẹ̀tù sí aáwọ̀, àti èyí tó yẹ kó gbé mì. Bí ìyẹn kì í bá ṣe ìrònú, a jẹ́ pé babaláwo tó ń yan ẹsẹ tó bá ọ̀ràn oníbèéèrè mu kò ronú rí láyé rẹ̀. Ibi ìpamọ́ ni ìrántí jẹ́. Ẹni tí kò ní nǹkan nípamọ́, kí ló fẹ́ fi ronú?

Ọ̀rọ̀ ẹbí àti ìnáwó

A ò ní í díbọ́n pé ẹbí kì í wúwo. Fa'alavelave ni wọ́n ń pe òkú, ìgbéyàwó, ìwúyè àti gbogbo ọ̀ràn tó bá pe ìdílé jọ. Owó ni, ẹní àtàtà ni, oúnjẹ ni, ọjọ́ ni. Owó tí àwọn tó wà lókè òkun ń fi ránṣẹ́ wà lára ohun tó gbé ọrọ̀ ajé Sàmóà ró. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtajà kó tó lọ gbọ́ ẹ̀kọ́ láàárọ̀ lè máà jẹ́ torí ara rẹ̀ ló ṣe ń ṣe é. Àbúrò wà nílé tó fẹ́ sanwó ilé-ẹ̀kọ́. Òkú wà ní Savai'i.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì. Ẹbí tó ń gba owó náà ló ń gbọ́ bùkátà. Ìyá àgbà ló ń tọ́jú ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ tó ti bímọ. Ẹ̀gbọ́n tó wà níbi iṣẹ́ ẹ̀rọ ló ra kọ̀ǹpútà. Ìjọ ló ń gbàdúrà, òun náà ló sì ń dáwó. Ọmọ tó fẹ́ jáwọ́ ní ọdún kejì máa ń rántí pé bí òun bá jáwọ́, gbogbo ilé ló jáwọ́, a sì padà sídìí ìwé. Ohun kan náà tó ń rẹ̀ ẹ́ ló ń gbé e dúró. Ẹni tó bá ní kó gé e kúrò kò tíì ronú ibi tó máa ṣubú sí.

Ẹ lọ wo ọjọ́ ìgboyè níbi tí àwọn ọmọ Sàmóà bá wà. Ìlẹ̀kẹ̀ òdòdó àti ti súìtì ni wọ́n ń kó sí ẹni tó gboyè lọ́rùn títí ojú rẹ̀ fi ń ṣòro rí. Orin a dún, ijó a bẹ́, àwọn àǹtí a ké. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè pé ti ta ni ìwé-ẹ̀rí yẹn. Orúkọ ẹnìkan ló wà lórí rẹ̀, gbogbo ilé ló kọ ìdánwò.

Ìtumọ̀ àṣeyọrí nìyẹn fún wọn. Ibẹ̀ gan-an ni òfin yunifásítì ti ń gbógun tì wọ́n. Òfin mọ àìsàn ẹnìkan, ó mọ òkú òbí, ó fún un ní ọjọ́ díẹ̀. Kò mọ òkú àbúrò bàbá àgbà tí gbogbo ìdílé gbọ́dọ̀ pé lé lórí fún ọ̀sẹ̀ kan. Akẹ́kọ̀ọ́ wá ní láti yàn: ṣé kó ṣẹ ilé ni, àbí kó ṣẹ olùkọ́? Ẹni tó kọ òfin bẹ́ẹ̀ ló gbé ọmọ sáàárín igi méjì, òun kan náà ló sì ń bèèrè ìdí tó fi ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́.

Níbi tí wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn

A ò sọ àlá. Ibi tí wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ wà. Ní 2004, University of Auckland ṣí Fale Pasifika, ilé ńlá tí wọ́n kọ́ ní ìrísí ilé ìpàdé àwọn ará Pàsífíìkì sí àárín ọgbà rẹ̀. Yunifásítì yẹn náà ní ètò kan tó ń jẹ́ Tuākana, níbi tí àwọn tó ti ṣáájú ti ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní ẹgbẹ́ kéékèèké. Ọ̀rọ̀ Māori ni tuākana, ẹ̀gbọ́n ló túmọ̀ sí. Ọmọ Yorùbá kankan kò nílò kí a ṣàlàyé ohun tí ẹ̀gbọ́n wà fún. Láti 1972 sì ni ẹ̀ka ìṣègùn ibẹ̀ ti ní ètò ìgbàwọlé fún àwọn ọmọ Māori àti ti Pàsífíìkì. Ìdánwò tí gbogbo dókítà ń ṣe jáde ni àwọn náà ń ṣe jáde.

Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ariwo ta nítorí àmì kan tí wọ́n lẹ̀ ní yunifásítì yìí, tó sọ pé wọ́n ya ibì kan sọ́tọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Māori àti ti Pàsífíìkì láti jókòó kàwé. Àwọn olóṣèlú kan ní ìyapa ẹ̀yà ni. Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n: gbogbo ibi yòókù nínú ọgbà náà, èdè ta ni wọ́n ń sọ níbẹ̀? Àṣà ta ni wọ́n fi tò ó? Ta ni ó ń wọ ibẹ̀ tí ara rẹ̀ kì í bù máṣọ? Ẹni tí gbogbo ilé jẹ́ tirẹ̀ kì í mọ̀ pé òun ní yàrá. Ìgbà tí ẹlòmíì bá rí igun kan jókòó sí ló máa ń rántí ọ̀rọ̀ ìdọ́gba.

Ẹ sì wo àwọn tó ti yege. Kò sí èyí tó kọ́kọ́ sọ ilé rẹ̀ nù nínú wọn. Albert Wendt, tí wọ́n bí ní Apia ní 1939, ṣì kéré nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ní New Zealand. Nígbà tó fẹ́ kọ iṣẹ́ ìwádìí oyè kejì rẹ̀ ní Victoria University of Wellington, ó lè kọ ọ́ lórí ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn Mau ló kọ, ẹgbẹ́ tí àwọn Sàmóà fi kọ ìjọba New Zealand lójú, tí àwọn ọlọ́pàá yìnbọn lù ní Apia ní oṣù kejìlá ọdún 1929. Ó padà sílé, ó di ọ̀gá Samoa College, ó kọ ìwé ìtàn àròsọ *Sons for the Return Home* ní 1973, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n. Damon Salesa, ọmọ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó dàgbà ní Glen Innes ní Auckland, ló kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Rhodes lọ sí Oxford nínú àwọn ọmọ Pàsífíìkì. Ìtàn àwọn èèyàn rẹ̀ ló fi di onímọ̀. Ní 2022 ó di gíwá Auckland University of Technology, ọmọ Pàsífíìkì àkọ́kọ́ tó jókòó sórí irú àga bẹ́ẹ̀ ní New Zealand.

Kódà ọ̀nà ìwádìí ti ń jáde láti ilé. Láti àwọn ọdún 1990 ni àwọn onímọ̀ Sàmóà ti ń lo fa'afaletui: wọ́n a gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn obìnrin lọ́tọ̀, ti ọkùnrin lọ́tọ̀, ti àgbà lọ́tọ̀, wọ́n a wá hun ún pọ̀ bí ẹní. Ohun tí wọ́n ní kí ọmọ jù nù lẹ́nu ọ̀nà ti wá di irinṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ilé.

Èdè ńkọ́?

Àwọn tó ń tàbùkù ilé tún ní ọ̀rọ̀ kan: bí ọmọ bá fẹ́ yege, kó máa sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé. A mọ orin yìí. Wọ́n kọ ọ́ sí wa létí títí. Ní Ilé-Ifẹ̀, láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè kejì. Àwọn ọmọ náà ṣe ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ẹ̀rí wà nílẹ̀. Etí ni kò sí.

Sàmóà ní àwọn tó gbọ́. National University of Samoa, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1984, ní ẹ̀ka kan fún ẹ̀kọ́ nípa Sàmóà, níbi tí èèyàn ti lè ka èdè àti àṣà dé oyè kejì. Aiono Fanaafi Le Tagaloa, tó wà lára àwọn ọmọ Sàmóà àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé, lọ sí London, ó kàwé, ó padà, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga tirẹ̀ sílẹ̀, Le Amosa o Savavau, níbi tí èdè Sàmóà ti jẹ́ èdè ìkọ́ni. Gẹ̀ẹ́sì kò wọ́n ọn. Ó kàn kọ̀ láti gbà pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ọpọlọ ń gbọ́.

Ìṣirò tó ń fi èèyàn pamọ́

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà ṣe é. Fún ọdún púpọ̀, ìjọba kó àwọn ará Pàsífíìkì mọ́ àwọn ará Éṣíà nínú ìṣirò rẹ̀. Ọdún 1997 ló tó yà wọ́n. Síbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣì máa ń kà wọ́n pọ̀. Bí ọmọ dókítà tó wá láti Táíwàn bá gba máàkì gíga, ìpíndọ́gba a lọ sókè, ọmọ Sàmóà tó ń bẹ lábẹ́ a pòórá. Ẹni tí a kò rí, kò sẹ́ni tó máa ràn án lọ́wọ́. Ibi tí wọ́n ti ń rí ọmọkùnrin Sàmóà dáadáa ni pápá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Ilé-ẹ̀kọ́ tó lè rán èèyàn dé Pago Pago láti wá ẹni tí egungun rẹ̀ nípọn lè rán èèyàn dé American Samoa Community College, tó ti wà níbẹ̀ láti 1970, láti wá ẹni tó fẹ́ ka ìmọ̀ ìṣirò. Ọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n fẹ́ rí ni.

Ilé náà ní tirẹ̀ láti ṣe

Ẹni tó bá ń gbèjà ilé kò gbọ́dọ̀ pa irọ́ fún ilé. Àwọn ọmọ Sàmóà fúnra wọn ló ń sọ ọ́ pé ìdíje ìdáwó ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan, níbi tí wọ́n ti ń ka orúkọ àti iye tí olúkúlùkù dá sókè, ti sọ àwọn ìdílé sínú gbèsè. Ọ̀rọ̀ fiapoto náà ń pa ìbéèrè tó dára lẹ́nu ọmọ. Ẹni tó bá sì sọ Gẹ̀ẹ́sì já geere, wọ́n á ní ó fẹ́ di òyìnbó. Ẹni tí wọ́n bí sí Auckland, tí èdè Sàmóà kò dán lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á fi ṣẹ̀sín. Ọmọ tó ń gba ìyà lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kò yẹ kó tún máa gbà á nílé.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí: àtúnṣe ilé, ọwọ́ àwọn onílé ló wà, wọ́n sì ti ń ṣe é. Àwọn ìdílé wà tí wọ́n ti ń dá ọmọ tó ń ṣe ìdánwò sí, tí wọ́n ní kó má wulẹ̀ dáwó títí yóò fi jáde. Inú àṣà náà ni wọ́n ti rí i: ìwé kíkà náà jẹ́ tautua, ọmọ tó jókòó tì ìwé ń sin ilé rẹ̀ lọ́wọ́. Yunifásítì kò lè bá wọn ṣe ìyẹn. Tirẹ̀ ni kó ṣe.

Ohun tí à ń béèrè

Ohun tí yunifásítì máa ṣe kò pọ̀. Kó fi iṣẹ́ ẹgbẹ́ àti ìkọ́ni láti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n sínú kọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, kó má fi í ṣe àfikún tí wọ́n máa kọ́kọ́ gé nígbà tí owó bá tán. Kó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹnu ṣàlàyé ohun tó mọ̀, yàtọ̀ sí kíkọ nìkan. Kí òfin ìdánwò mọ ìdílé ju bàbá, ìyá àti ọmọ lọ. Kó gba àwọn olùkọ́ tó jẹ́ ọmọ Sàmóà síṣẹ́ tó dúró, kí ẹnìkan má baà máa ṣe ìyá, pásítọ̀ àti agbẹjọ́rò fún ọgọ́rùn-ún ọmọ. Kó ka iye àwọn ọmọ Sàmóà lọ́tọ̀, kí a lè mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe. Kó sì san owó fún ẹ̀kọ́ èdè wọn bó ṣe ń sanwó fún ti Faransé.

Bó bá ṣe gbogbo èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ kan kò bá yege, ó lè wá bá ilé sọ̀rọ̀ nígbà náà. Kó tó dìgbà yẹn, kí ó yé bú ìyá tó kọ́ ọmọ láti fetí sílẹ̀. Iṣẹ́ tí ìyá náà ṣe ti parí kí ọmọ tó dé géètì. Ti olùkọ́ ló kù.